Etí Ni A Fi Ń Mọ Àrùn Kílọ́ọ̀ṣì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ní Mamobi, ní ìlú Accra, ni ariwo ọkọ̀ ti máa ń gba ìgboro. Bí àwọn Mùsùlùmí bá ti kírun àsùbáà tán, àwọn awakọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíná sí trotro wọn, àwọn métì a sì máa pe èrò tí ó ń lọ sí Circle, sí 37 àti sí àárín ìlú. Trotro ni àwọn ará Gánà ń pe bọ́ọ̀sì kékeré tí ó ń kó èrò. Inú èdè Ga ni orúkọ náà ti wá: "tro" ni wọ́n ń pe owó tí Yorùbá ń pè ní tọ́rọ́, èyí tí í ṣe owó ọkọ̀ nígbà kan rí. Tọ́rọ́ ti di ohun ìgbàgbé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lára ọkọ̀.

Níwájú ilé kan ní àdúgbò yìí, bàbá arúgbó kan máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó ní àràárọ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà mọ́. Etí ni ó fi ń mọ ọkọ̀ tí ń kọjá. Bí ọ̀kan bá kọjá, a ní, "Èyí ti jẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tán." Bí òmíràn bá kọjá, a ní, "Ìyẹn mọ ọkọ̀ wà." Àwọn ọmọdé a máa fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn fítà, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Gánà, kì í fi í rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

Accra ni wọ́n bí bàbá yìí sí. Ọmọ Ọ̀ffà ni àwọn òbí rẹ̀, oníṣòwò sì ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tí ó ti Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tẹ̀dó sí Gánà. Lagos Town, tí ó wá di Accra New Town, kò jìnnà sí Mamobi. Orúkọ àtijọ́ yẹn nìkan ti tó ẹ̀rí pé àwọn ará ilé wa pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà kò fẹ́ràn ọjà títà. Ó lọ di métì lórí ọkọ̀ akẹ́rù Bedford. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdílé rẹ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n gba Aflao bọ́ sí Tógò, wọ́n sì la Dàhòmì já dé Nàìjíríà. Ní ilé ni ó ti di awakọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà yí ìrìnnà ọkọ̀ kúrò ní apá òsì sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ó bá wọn yí i. Ìjọba Busia ti ṣubú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Kí ọdún tó parí, bàbá ti padà sí Accra, ó sì bá a pé apá òsì ni wọ́n ṣì ń gbà níbẹ̀. Ó tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1974, Gánà náà yí sí ọ̀tún, ó sì kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Bí ìjókòó awakọ̀ ti kúrò ní ọ̀tún ọkọ̀ bọ́ sí òsì, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí a fi ń fa gíà yí padà láti òsì sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò yí padà. "Ọwọ́ lè ṣìnà," ni bàbá máa ń wí, "ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni ó ni kílọ́ọ̀ṣì, níbikíbi tí ìjọba bá ní kí á gbà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa Benz 207 wá síwájú ilé náà. Ọmọ ọmọ aládùúgbò kan ni. Mamobi ni wọ́n bí òun àti ìyá rẹ̀ sí. Hausa ni ó ń sọ ní àdúgbò, Twi ní ibùdókọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́. Yorùbá rẹ̀ kò kọjá ti inú ilé: ìkíni, oúnjẹ àti ìbáwí. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń kó iye owó kan fún olówó-ọkọ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn epo àti owó métì ni ó ń jẹ. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Fítà kan ní kílọ́ọ̀ṣì ni, ó sì pààrọ̀ péléètì kílọ́ọ̀ṣì àti ìbòrí rẹ̀. Owó àjọ tí ìyá ọmọ náà kó, tí ó fẹ́ fi kún ọjà rẹ̀, ni wọ́n fi san án. Ariwo kò lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni ọmọ náà wí, ó sì tẹrí ba. "Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ yìí ń pariwo."

"Ariwo wo?"

"Ariwo ṣáá ni, Bàbá."

"Ọmọ mi, bí o bá gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí o ní ó ń sunkún, kí ni dókítà yóò fi ìyẹn ṣe? Ṣé ó ń kùn ni, àbí ó ń han? Ṣé ó ń họ ni, àbí ó ń gbọ̀n? Ìgbà wo ni ó ń bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo ni ó ń dákẹ́?"

Ọmọ náà ronú. Ó ní òun kò mọ èyí tí ó jẹ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ti rí ọgbọ́n dá sí i: bí òun bá ti tẹ pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì, ariwo náà a dákẹ́. Nítorí náà, òun kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òun a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi ṣí. Bí ọkọ̀ bá sì ń lọ, ẹsẹ̀ òun a wà lórí rẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀.

Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Háà! Ẹni tí ń ké gbà mí, gbà mí, ni o fi ọwọ́ bò lẹ́nu yẹn."

Kí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká bàbá lára tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Ẹ́ńjìnì kì í dúró níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì pa á, ṣùgbọ́n táyà gbọ́dọ̀ lè dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ni alárinà àwọn méjèèjì. Àwo irin ńlá kan wà ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì tí ó ń bá a yí. Péléètì kílọ́ọ̀ṣì wà láàárín àwo irin yìí àti ìbòrí kan tí ó ní sípíríǹgì. Bí awakọ̀ kò bá tẹ pẹ́dàlì, ìbòrí náà a fún péléètì mọ́ àwo irin pinpin, gbogbo wọn a jọ máa yí, agbára ẹ́ńjìnì a sì gba ara ọ̀pá kan wọ inú gíábọ́ọ̀sì. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, bíárìn kan a sún síwájú, a ti sípíríǹgì náà, péléètì a sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Ìgbà yẹn ni gíà lè wọlé tàbí kí ó jáde láìsí ìjà.

A dá péléètì kílọ́ọ̀ṣì láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ìsàlẹ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó ń gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì láì tẹ̀ ẹ́ tán ń jẹ́ kí ìdìmú náà dẹ̀. Péléètì a máa yọ̀, a máa gbóná, a sì máa jó. Bíárìn tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ gíà a wá máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ náà ń fi kílọ́ọ̀ṣì tuntun san owó ìdákẹ́jẹ́.

Bàbá ní kí ó fi gíà sí fíríì, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. Ohùn kan ń jáde lábẹ́ ọkọ̀: yùn-ùn-ùn, ó nípọn, kò sì dúró, bí ẹ̀rọ ìlọta tí ó wà lókèèrè. "Tẹ̀ ẹ́ tán." Ohùn náà rọlẹ̀, ó sì dákẹ́. "Gbé ẹsẹ̀." Ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é.

Ìdánwò yìí rọrùn, ṣùgbọ́n òun ni olórí gbogbo ìdánwò. Bí ariwo bá wà nígbà tí gíà wà ní fíríì tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí pẹ́dàlì, tí ó sì dákẹ́ bí a ti tẹ pẹ́dàlì, a jẹ́ pé ohun tí ń pariwo ti dúró nígbà tí péléètì bọ́. Inú gíábọ́ọ̀sì ni irú ohun bẹ́ẹ̀ wà: bíárìn tí ó gbé ọ̀pá àkọ́wọlé rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì ni ariwo bẹ̀rẹ̀, tí ó ń han fíín-ín, bíárìn tí ń ti sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì ni ó ti gbẹ. Nínú irú ọkọ̀ yìí, bíárìn kékeré kan tún wà ní àárín àwo irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí orí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì jókòó sí. Ìgbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tán, tí ọkọ̀ dúró nínú gíà, ni tirẹ̀ máa ń hàn jù, nítorí ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnì ń yí tí ọ̀pá náà kò yí. Bí pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ bá sì ń dún wíín-wíín bí ilẹ̀kùn àtijọ́, kódà nígbà tí a kò ṣíná sí ọkọ̀, gíríìsì díẹ̀ ni ó ń fẹ́.

Àwọn àmì kan tún wà tí kì í ṣe ti bíárìn. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, ọ́ìlì lè ti kán sára péléètì, ooru lè ti ba ojú àwo irin jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé ti já. Bí gíà bá ń họ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé, pàápàá jù lọ rìfáàsì, kílọ́ọ̀ṣì kò bọ́ tán: wáyà rẹ̀ lè ti fà, tàbí kí afẹ́fẹ́ wọ inú ọ́ìlì tí ń gbé e. Bí ó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ni ó ń họ, inú gíábọ́ọ̀sì ni kí a wò. Bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré tí ọkọ̀ kò bá a sáré, tí òórùn ohun tí ó ń jó sì gba inú ọkọ̀, péléètì ń yọ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba bàbá. Ó ní kí ọmọ náà fa háńbíréèkì sókè dáadáa, kí ó fi ọkọ̀ sí gíà kẹta, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dá ṣáká, kíá ni ẹ́ńjìnì yóò kú, nítorí kò lè yí táyà tí a ti dè. Ẹ́ńjìnì náà kú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Péléètì oṣù méjì ti ń di arúgbó.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó kan àwọn olùkọ́ èdè. Àwọn ọ̀rọ̀ tí bàbá fi bi ọmọ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kùn, han, họ, gbọ̀n: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tọ́ka sí ibì kan lábẹ́ ọkọ̀. Èdè Yorùbá kún fún ọ̀rọ̀ tí ń sín ìró jẹ, E. C. Rowlands kọ àpilẹ̀kọ lé wọn lórí ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ọmọ Yorùbá sì ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí wọn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá nínú wọn. Ohun kékeré ni ó rí rógódó, ohun ńlá ni ó rí rògòdò. Bákan náà, irin tín-ín-rín ni ó ń dún kó-kó-kó, ohun wúwo tí ó ti tú sì ni ó ń dún kò-kò-kò. Ẹni tí ó bá gbọ́ fíín-ín, tí ó sì pè é ní fíín-ín, ti mọ̀ pé ohun tí òun ń wá kéré, ó sì gbẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ yùn-ùn ti mọ̀ pé ohun tí òun ń wá ru ẹrù.

Kì í ṣe pé Twi tàbí Hausa kò ní irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ní i lọ́pọ̀lọpọ̀, bàbá fúnra rẹ̀ a sì máa fi èdè méjèèjì bá àwọn fítà sọ̀rọ̀. Ìṣòro ọmọ náà ni pé èdè mẹ́rin ni ó gbọ́, síbẹ̀ "ariwo" nìkan ni ó rí fà yọ nínú wọn. Nítorí pé kò ní orúkọ fún ohun tí ó ń gbọ́, kò fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nítorí pé kò fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kò sọ fún fítà àkọ́kọ́ pé ó ń dákẹ́ bí òun bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Fítà náà kò sì béèrè. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ì bá ti gba owó àjọ ìyá rẹ̀ là.

Kí wọ́n tó tú ọkọ̀ náà palẹ̀, bàbá jókòó ti ọmọ náà, ó ní kí ó wà á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà ń fa gíà bí ẹni tí ń fa èpò, orí bàbá sì ń mì síwá sẹ́yìn. "Má bá a jà," ni bàbá wí. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí o tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Fa gíà dé fíríì, sinmi díẹ̀ níbẹ̀, kí o tó tì í lọ. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí o bá ń gbé ẹsẹ̀, ibì kan wà tí ọkọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ibẹ̀ ni kí o ti ṣe jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti mú tán, gbé ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dàlì, kì í ṣe lórí rẹ̀."

Ó ní bí ó bá ń ti gíà kẹta bọ̀ sí ìkejì, kí ó fún ẹ́ńjìnì ní epo díẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí ìyára ẹ́ńjìnì àti ti ọkọ̀ lè bára mu. Bí ọ̀nà bá dí, fíríì ni kí ó wà, kí ẹsẹ̀ sì kúrò. Lórí òkè, háńbíréèkì ni kí ó fi di ọkọ̀ mú; kílọ́ọ̀ṣì kì í ṣe bíréèkì.

Bàbá kò kọ́ èyí nínú ìwé. Ohun èlò tí ń jẹ́ kí ìyára gíà méjì bára mu kí wọ́n tó wọ ara wọn ti wà lára Cadillac ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1928, ṣùgbọ́n kò sí lára ọkọ̀ akẹ́rù tí ó fi kọ́ iṣẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá ru ẹrù tí ó ń gun òkè lọ sí Aburi, ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún ìpààrọ̀ gíà kan: ó tẹ̀ ẹ́, ó fa gíà bọ́ sí fíríì, ó gbé ẹsẹ̀, ó fún ẹ́ńjìnì ní epo, ó tún tẹ̀ ẹ́, kí ó tó ti gíà wọlé. Etí ni ó ń sọ iye epo tí ó tó. Bí etí bá ṣì í gbọ́, gíà kò ní gbà, ọkọ̀ a sì fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn lórí òkè. Nítorí náà ni ọ̀gá rẹ̀ kò fi jẹ́ kí ó fọwọ́ kan gíà títí ó fi lè dijú sọ èyí tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, gíábọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Rọ́bà tí ó dí i lẹ́yìn ti jẹ, ó sì ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Àìtó ọ́ìlì ni ó pa bíárìn náà. Ojú rẹ̀ ti dá ihò wínníwínní. Abossey Okai ni wọ́n ti lọ ra òmíràn, ọjà tí a ti ń rí ẹ̀yà ara ọkọ̀, ti tuntun àti èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní "home used", tí Yorùbá ń pè ní tòkunbọ̀. Bàbá ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ra bíárìn tòkunbọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti rìn dé. Bíárìn kílọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n pààrọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí owó títú ọkọ̀ palẹ̀ ju owó bíárìn lọ. Péléètì kò tíì jẹ tán. Wọ́n dá a padà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Olówó-ọkọ̀ pè lórí fóònù, ó fẹ́ mọ ìdí tí owó kò fi wọlé. Twi ni wọ́n sọ. Ó bi í pé ariwo wo ni. Ọmọ náà kò sọ pé ariwo ṣáá ni. Ó ní ó ń kùn yùn-ùn ní fíríì, ó ń dákẹ́ bí òun bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó sì sọ ohun tí wọ́n bá nínú gíábọ́ọ̀sì. Olówó-ọkọ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò gba ìdajì owó ọjọ́ mẹ́ta náà. Owó àjọ ìyá kò padà.

Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn àsùbáà, trotro náà kọjá níwájú ilé. Bàbá tẹ́tí sí i. Gíà kejì wọlé, ìkẹta tẹ̀ lé e, kò sí ohun tí ó họ, kò sí ohun tí ó kùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, ìyẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn," ni bàbá dáhùn, "ti ń mọ ọkọ̀ wà."